Wáyà Tín-ín-rín Tí Ń Jẹ Owó Epo

Kò sí ilé tí ó ní ọkọ̀ lónìí tí ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù kò kàn. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò tó 200 náírà tí a fi ń ra lítà kan ní ọ̀pọ̀ ilé epo ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti di nǹkan bí 500 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ 1,000 náírà, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju bí ó ti máa ń mu lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti mẹkáníìkì nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ni, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí lítà kan bá jẹ́ 900 náírà, tí ọkọ̀ kan sì ń fi lítà 8 ṣòfò ní ọ̀sẹ̀ kan, 7,200 náírà ni ó ń jóná lásán lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di 28,800 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ ò rí i pé ohun tí ọkọ̀ kan ń fi ṣòfò lè ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ènìyàn lọ!

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè fa irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí a lè fi ọwọ́ ara wa tún ṣe nínú ọgbà ilé wa, láàárín wákàtí kan. Ohun náà ni sẹ́ńsọ̀ kékeré tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà sínú. Airflow sensor ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní MAF sensor. A kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè fọ̀ ọ́ láìbà á jẹ́, kí ẹ sì mọ ìgbà tí fífọ̀ kò tó mọ́.

Bí ìdọ̀tí ṣe di ìjà nínú ilé

Ní agbègbè Àgbàdo níbí, tọkọtaya kan wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ tí kò jọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rárá. Ìyàwó ni ó ń wa ọkọ̀ wọn, Toyota Camry tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Big Daddy. Òun ni ó fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, tí ó sì fi ń lọ ra ọjà ní Ìfọ̀. Owó epo tí ọkọ ń fi sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, tí ó máa ń dé ọjọ́ Ẹtì tẹ́lẹ̀, kò dé Ọjọ́rú mọ́. Ni ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ lọ.

"Dádì, ẹ gbà mí gbọ́," ni ìyàwó wí, "ilé ìwé àti ọjà náà ni mo ń lọ. Kò sí ibòmíràn."

"Ṣé ọkọ̀ náà wá ń dá rìn lóru ni?" ni ọkọ fi dá a lóhùn.

Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ náà, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo rẹ̀, mẹkáníìkì kan sì ti ń sọ pé kí wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnì mìíràn. A ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò. P0101 ni ẹ̀rọ náà gbé jáde, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n tí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ń fún kọ̀ǹpútà kò bá bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ mu. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, èrùpẹ̀ ti bo wáyà inú rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi fílítà tuntun sí ọkọ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, owó epo tún dé ọjọ́ Ẹtì, ọkọ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ wo bí wáyà tí ó tín-ín-rín bí irun orí ṣe fẹ́ tú ilé ká!

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe

Epo kì í dá jó. Epo àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ ń jó nínú ẹ́ńjìnì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kílò afẹ́fẹ́ 14.7 ni ó yẹ kí ó bá kílò epo bẹntiróòlù 1 jó. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni yóò máa jáde, owó ni ó sì ń bá èéfín náà lọ. Bí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnì kò ní lágbára, yóò máa gbọ̀n, ó sì lè kú lójijì.

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kàbúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu iye epo tí yóò tú sínú ẹ́ńjìnì, kò sì lè pinnu rẹ̀ dáadáa láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ iye afẹ́fẹ́ tí ó wọlé fún un. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni ẹni náà.

Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ rántí bí ìyá ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kí ó tó fi bọ́ ọmọ. Bí ó bá rọra fẹ́ ẹ, ẹ̀kọ náà yóò tutù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ gidigidi, yóò tètè tutù. Bákan náà ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Iná ọkọ̀ ń mú wáyà kékeré kan gbóná nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ń kọjá sì ń mú un tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni iná tí a nílò láti mú kí ooru wáyà náà má yẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Iye iná yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà, tí ó fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tí ó kọjá.

Wàyí o, bí ènìyàn bá fi ewé bo ẹ̀kọ náà mọ́lẹ̀, kò sí bí ìyá ṣe lè fẹ́ ẹ tó tí yóò tètè tutù. Ohun tí èrùpẹ̀ ń ṣe sí wáyà náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń kọjá, wáyà ń sọ pé díẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà á fún ẹ́ńjìnì ní epo tí kò tó, ọkọ̀ á di ọ̀lẹ, awakọ̀ á sì máa tẹ iná mọ́ ọn kí ó lè rìn. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìdọ̀tí ń mú kí ó ka afẹ́fẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí epo yóò sì pọ̀ jù. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san án.

Èrùpẹ̀ àdúgbò wa

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè yìí ní ìdí láti kíyè sí ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ òpópónà inú Àgbàdo ni kò ní ọ̀dà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọkọ̀ kan bá kọjá, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kì í ríran dáadáa. Àwọn tí ń gba Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ń kọjá ní Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà láti ọdún 1960. Àwọn ará wa ní Mowe àti Ibafo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbá eruku rẹ̀ sókè lọ́sàn-án lóru. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé ní apá ìparí ọdún, a tún fi eruku aṣálẹ̀ Sàhárà lé e.

Ohun mìíràn tún wà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo lọ sí Ọyìngbò, àwọn kan ń wọ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ nílé fún ọjọ́ púpọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá dúró pẹ́, eku lè kọ́ ilé sínú àpótí fílítà rẹ̀, aláǹtakùn sì lè ta okùn síbẹ̀. Ẹ máa ṣí i wò.

Àwọn àmì tí ẹ ó rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọkọ̀ yóò fi kú sójú ọ̀nà:

1. Iná check engine tàn ní iwájú awakọ̀, kò sì kú.
2. Ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró, ohùn ẹ́ńjìnì ń lọ sókè ń bọ̀ sílẹ̀.
3. Ẹ tẹ iná, ọkọ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó lọ.
4. Owó epo kan náà kò gbé e dé ibi tí ó ń gbé e dé tẹ́lẹ̀.
5. Èéfín dúdú ń jáde láti ìdí sàlẹ́ńsà.
6. Ó ń kú bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, tàbí bí ẹ bá fẹ́ dúró.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó fẹ́ láti Mowe bọ́ sí ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nílò ọkọ̀ tí yóò gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá tẹ iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó fẹ́ dá ojú irin kọjá. Ọkọ̀ tí ń lọ́ra tàbí tí ń kú lójijì kò yẹ kí ó gbé ọmọ ẹnikẹ́ni dé irú ibẹ̀.

Ohun tí ẹ ó pèsè

Èkíní ni agolo oògùn tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wò ó lára agolo náà kí ẹ rí i pé MAF Sensor Cleaner ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá ní òmíràn dára jù ú lọ, ẹ má ṣe gbà. Èkejì ni tọnafíìsì. Ẹnu igun mẹ́rin ni ó bá ọ̀pọ̀ Toyota mu, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan ń lo èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bí ìràwọ̀. Ẹ̀kẹta ni sípánà 10 fún orí bátìrì, àti abọ́ kékeré tí ẹ ó kó ìdè sí kí ó má bàa sọnù.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ọkọ̀ yín ní in. Púpọ̀ nínú àwọn Honda àtijọ́ kò lo irú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí a ń pè ní MAP ni wọ́n ń lò, kò sì jókòó sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ bí èyí tí à ń sọ.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá.

2. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tú wáyà dúdú tí ó wà ní orí bátìrì, èyí tí àmì ìyọkúrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rédíò ọkọ̀ lè gbàgbé ohun tí ẹ ti tò sínú rẹ̀, nítorí náà bí ó bá ní nọ́ńbà àṣírí, ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú.

3. Ẹ wá àpótí dúdú tí fílítà afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ibẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì. Lórí àpótí náà tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ rọ́bà ńlá tí ó jáde láti inú rẹ̀, ẹ ó rí ohun kékeré kan tí wáyà wọ̀ lórí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, wáyà márùn-ún ni ó máa ń wọ̀ ọ́.

4. Ẹ tẹ ìdè orí wáyà náà, kí ẹ sì di ara ike rẹ̀ mú láti fà á yọ. Ẹ má ṣe fi wáyà fà á.

5. Ẹ tú ìdè méjì tí ó mú sẹ́ńsọ̀ náà, kí ẹ fà á jáde tààrà. Ẹ kíyè sí bí ó ṣe jókòó àti ihà tí ó kọjú sí. Ẹ wo òrùka rọ́bà ìdí rẹ̀ bí ó bá ti ya.

6. Ẹ wo inú rẹ̀ ní ojúmọmọ. Ẹ ó rí wáyà kékeré náà, àti ohun bíńtín kan bí ẹ̀wà tí ń wọn ooru afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ fín oògùn náà sí wọn láti ìhà gbogbo, ní ìgbà 10 sí 15, láìjẹ́ kí ẹnu agolo kàn wọ́n. Ìdọ̀tí yóò máa kán sílẹ̀.

7. Ẹ gbé e sórí aṣọ mímọ́, kí ó dá gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má ṣe nù ún, ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ.

8. Bí ó ti ń gbẹ, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò. Bí ó bá ti dúdú tàbí tí ó ti ya, ẹ fi tuntun sí i, nítorí pé ẹni tí ó fọ sẹ́ńsọ̀ tí ó sì dá fílítà burúkú padà, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni ó ṣe. Ẹ fi aṣọ tútù nu inú àpótí náà, kí ó sì gbẹ. Ẹ yẹ rọ́bà ńlá náà wò bóyá ó ti sán, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé kò kọjá lójú sẹ́ńsọ̀, àmì kan náà ni yóò sì máa fi hàn.

9. Ẹ dá sẹ́ńsọ̀ padà bí ó ti wà. Ẹ má ṣe fún ìdè rẹ̀ jù, ike ni ó wọ̀. Ẹ ti orí wáyà wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó dún. Lẹ́yìn náà, ẹ so bátìrì padà.

10. Ẹ tan ọkọ̀, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì wà á yí àdúgbò ká. Bí ó bá gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń tún ara rẹ̀ kọ́ ni. Bí iná check engine bá tún tàn, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í nini lára. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe lo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀ tàbí èyí tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, wọ́n lè ba ike àti wáyà rẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tàbí òwú há a. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ vulcanizer fín afẹ́fẹ́ sí i, ó lè já wáyà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oògùn inú agolo náà máa ń gbiná. Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí ní ìta gbangba, kí ẹ jìnnà sí ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ṣiṣẹ́, sí iná ìdáná àti sí ẹni tí ń mu sìgá. Kí àwọn ọmọ kéékèèké má ṣe súnmọ́ ọn.

Bí fífọ̀ kò bá tó

Fífọ̀ kò lè so wáyà tí ó ti já. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń ṣe bákan náà, ọ̀nà kan wà láti dán an wò. Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbọ̀n, ẹ pa á, ẹ yọ orí wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, kí ẹ tún tan án. Kọ̀ǹpútà yóò lo ìwọ̀n tí wọ́n ti kọ sí i lórí. Bí ọkọ̀ bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí sẹ́ńsọ̀, ó ṣeé ṣe kí sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ibòmíràn kí ẹ tó náwó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ti Toyota sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 22204. Kí nọ́ńbà méjèèjì bá ara wọn mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pé wọ́n jọra lójú kò tó. Ẹ sì bá ẹni tí ń tà á ṣe àdéhùn pé ẹ ó dá a padà bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹ tó sanwó.

Kì í ṣe ọ̀tá ni ní gbogbo ìgbà

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a sọ láàárín ara wa. Bí ọkọ̀ bá ń kú lójú kan náà nígbà gbogbo, tàbí tí owó kò dúró lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, àwọn kan nínú wa máa ń tètè wo ojú ìyá ọkọ, tàbí ojú aládùúgbò tí ó kí wọn kú orí ire nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀ náà. A ti rí ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti tú ẹbí ká, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àdúrà dára, a kì í sì í dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbàdúrà lórí ọkọ̀ lè ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó dá ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́bi.

Ẹ yan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan kí ọyẹ́ tó dé, kí ẹ sì tún yan òmíràn nígbà tí ó bá lọ. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú iye epo tí ẹ rà àti ibi tí ó gbé yín dé, kí ọkọ àti aya lè jọ máa kà á. Ẹ pe àwọn ọmọ yín tí ó ti dàgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá mọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ yìí wà, mẹkáníìkì kan kò ní fi ẹ́ńjìnì tuntun dẹ́rù bà á lọ́la.